Ìwọ̀n Oògùn àti Ìṣirò: Ìtàn Tí Wọn Kò Kọ́ Wa ní Kíláàsì

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n kọ nǹkan nípa iṣẹ́ tí mo fi ogójì ọdún jẹun. Apoògùn ni mí, gbogbo yín mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní kọ nípa oògùn títà, kí ẹ má bàa ní mo ń polówó. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, ìtàn ìṣirò tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà kékeré tí wọ́n ń kọ sára ìgò: ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ta ló ní kó jẹ́ ọ̀kan? Ta ló ní ẹ̀ẹ̀mẹta? Ara ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?

Ṣé ẹ rántí Nivaquine? Bí ibà bá ti wọ dọ́mítírì, nọ́ọ̀sì á tò wá sórí ìlà, á há hóró tó korò ju ewúro lọ yẹn fún wa, á sì dúró tì wá títí a ó fi gbé e mì. Tó bá di òru, àwọn kan nínú wa á sùn fọnfọn. Àwọn míì á máa fara ha ògiri, wọ́n á máa fi kóòmù ha àtẹ́lẹwọ́, ojú wọn á pọ́n títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọmọ ọdún kan náà. Àwa tí kì í yún ń fi àwọn tó ń yún ṣe yẹ̀yẹ́, èmi gan-an ni mo sì ṣáájú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, àìmọ̀kan ni. A rò pé wọ́n ń ṣe àṣejù ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Sweden. Lọ́dún 1937, Torsten Teorell, ní Yunifásítì Uppsala, tẹ iṣẹ́ méjì jáde tó fi ya ara ènìyàn bí àpótí-àpótí tí oògùn ń ṣàn láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì: láti ibi tí wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, láti inú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran ara, kíndìnrín sì ń gbọ́n ọn dànù. Ẹ rántí àwọn ìbéèrè ìdánwò tí páìpù ń da omi sínú táńkì lókè, tí táńkì náà sì ń jò nísàlẹ̀, tí wọ́n ní ká sọ ìgbà tí yóò kún? Òun náà kọ́! Nígbà tí a ń bú olùkọ́ wa pé ta ló ń kọ́lé sábẹ́ táńkì tó ń jò, àṣé ara wa ni táńkì náà. Lọ́dún 1953, F. H. Dost, oníṣègùn ọmọdé ará Jámánì, kọ ìwé kan tó ń jẹ́ Der Blutspiegel, ìyẹn bí nǹkan ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló sì fún ẹ̀kọ́ yìí ní orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní, pharmacokinetics.

Ìṣirò táńkì dára fún ènìyàn kan. Gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wàá mọ bí táńkì rẹ̀ ṣe tóbi tó àti bí ihò rẹ̀ ṣe ń jò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ lọ́la ńkọ́, tí a kò tíì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí? Bí a kò bá mọ bí táńkì àwọn ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra, àfọ̀ṣẹ là ń dá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dojú rú. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń jẹ́ isoniazid jáde lọ́dún 1952. Ó ń wo ikọ́ náà sàn, àmọ́ àwọn kan ń ráhùn pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ta àwọn, ó ń jó wọn bí ẹni tẹ ẹyín iná. Lọ́dún 1960, Evans, Manley àti McKusick tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú British Medical Journal. Wọ́n fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní isoniazid bí oníkálukú ṣe wúwo tó, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, wọ́n sì wo iye tó kù. Nígbà tí wọ́n yà á sórí gíráàfù, òkè méjì ló yọ, àfonífojì sì wà láàárín. Ẹ̀dọ̀ àwọn kan ń yára pa oògùn náà dà, ti àwọn kan ń lọ́ra, ìdílé ló sì ń bá a wá. Lára àwọn tó ń yára, ìdajì oògùn á ti lọ láàárín wákàtí kan tàbí kan ààbọ̀. Lára àwọn tó ń lọ́ra, ó lè gba wákàtí méjì sí márùn-ún. Àwọn tó ń lọ́ra yìí ni ẹsẹ̀ sábà máa ń jó.

Ká ní ọ̀gá ilé-ìwé wa pe télọ̀, ó ní kó rán yunifọ́ọ̀mù fún Fọ́ọ̀mù Wáànù àti Fọ́ọ̀mù Fáìfù pọ̀. Télọ̀ wọn gbogbo wa, ó ro ó pọ̀, ó pín in, ó sì rán gbogbo aṣọ sí ìwọ̀n ìpíndọ́gba. Ta ni aṣọ yẹn máa bá mu? Yóò dà bí agbádá lọ́rùn àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Wáànù, àwọn ará Fọ́ọ̀mù Fáìfù kò sì ní rí apá kì bọ̀ ọ́. Ìṣirò télọ̀ pé o. Ẹni tí ìṣirò náà ń sọ ni kò sí láàárín wa.

Bẹ́ẹ̀, ohun tí gbogbo ayé fi ń wọn ènìyàn nígbà náà ni ìlà tó dà bí agogo. Olùkọ́ ìṣirò wa yà á sójú pátákó ní Fọ́ọ̀mù Fáìfù, ó sì fi ọwọ́ tọ́ka sí agogo ilé-ìwé tó so mọ́ igi lóde: àwọn tó pọ̀ jù wà láàárín, àwọn kúkúrú díẹ̀ wà lápá òsì, àwọn gíga díẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Ohun tó mú kí agogo yìí dùn ún lò ni pé nọ́ńbà méjì péré ló ń béèrè: ibo ni àárín rẹ̀ wà, báwo ló sì ṣe fẹ̀ tó. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní parameter. Tí o bá ti gbà tẹ́lẹ̀ pé agogo ni, iṣẹ́ bùṣe. Tí kì í bá wá ṣe agogo ńkọ́? Tó bá jẹ́ òkè méjì, tàbí mẹ́ta, tàbí òkè kan tó ní ìrù gbọọrọ?

Ẹnì kan wà tó fi ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1975, Robert Smith, onímọ̀ oògùn ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn St Mary's ní London, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé debrisoquine mì láti fi ṣe ìwádìí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àwọn yòókù ò ṣe nǹkan kan. Òun nìkan ni ojú rẹ̀ ṣú, ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀ débi pé kò lè dìde dúró. Ẹlòmíì ì bá ní ó rẹ òun ni. Smith wádìí ara rẹ̀, ó rí i pé ara òun kò lè pa oògùn náà dà, nígbà tó sì di 1977, òun àti Mahgoub, Idle, Dring àti Lancaster kéde rẹ̀ nínú Lancet. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun ilẹ̀ Yúróòpù, bí ènìyàn márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló rí bíi Smith.

Ẹ má lọ rò pé òkè méjì London ni òkè méjì ibi gbogbo o. Lọ́dún 1980, Mbanefo àti Bababunmi, pẹ̀lú àwọn ará London yẹn, gbé ìwádìí debrisoquine wá sáàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tó di 1986, Iyun, pẹ̀lú Lennard, Tucker àti Woods, tún wo debrisoquine àti metoprolol lára àwọn ọmọ Nàìjíríà, wọ́n sì kọ̀wé pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé ènìyàn pín sí ọ̀nà méjì bí ti Yúróòpù. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá gbé agogo wá sọ́dọ̀ wa ṣì í, ẹni tó bá sì kó òkè méjì wá láti òkè òkun, òun náà ṣì í. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó wà níwájú wa ló yẹ kó sọ bó ṣe rí.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Lewis Sheiner, oníṣègùn ní Yunifásítì California ní San Francisco, ti ń ronú sí nǹkan mìíràn. Aláìsàn kì í ṣe ẹni tí a lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀kan, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì, lèyí tí ilé ìwòsàn ń gbà. Ǹjẹ́ a kò lè kó díẹ̀díẹ̀ yẹn jọ lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, ká fi mọ bí gbogbo wọn ṣe rí? Lọ́dún 1977, òun, Rosenberg àti Marathe fi oògùn ọkàn tó ń jẹ́ digoxin hàn pé ó ṣeé ṣe. Oníṣirò kan, Stuart Beal, dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n jọ ṣe ètò kọ̀ǹpútà NONMEM, àwọn iléeṣẹ́ oògùn káàkiri ayé sì gbà á. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, n kò ní tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n agogo ni wọ́n fi sídìí rẹ̀.

Mo dárúkọ digoxin, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Lọ́dún 1987, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n gbé ìyá àgbàlagbà kan wá sọ́dọ̀ wa, ọkàn rẹ̀ ń lù kìjìkìjì. Mo gbé ojú sókè, àṣé màmá tó ń se oúnjẹ fún wa ní dáínínhọ̀ọ̀lù ni! Ẹ̀yin náà rántí wọn. Màmá kì í fi ife wọn ẹ̀wà, ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n mọ ẹni tí ebi ń pa dọ́ba, wọ́n mọ ẹni tó ń bọ̀ láti sìkíbéè, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bi wọ́n pé kí ló dé tí tèmi ò tó ti lágbájá. Dókítà kọ digoxin 0.25 mílígírámù lóòjọ́, iye tó wà nínú ìwé. Èmi ni mo kà á sínú ìgò. Èmi ni mo kọ ọ̀kan lóòjọ́ sí i lára. Màmá ti rù, kò ju ọmọ Fọ́ọ̀mù Tú lọ, kíndìnrín wọn sì ti rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n gbé wọn padà wá: oúnjẹ kò dúró nínú wọn, ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́, wọ́n ní ògiri funfun ń pọ́n rúsúrúsú lójú àwọn. Oògùn ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìdajì digoxin ń lọ láàárín bí ọjọ́ kan ààbọ̀ sí méjì, àmọ́ lára ẹni tí tirẹ̀ ti kú, ó lè gba ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. A dá a dúró, a sì ń ṣọ́ wọn. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni n kò sùn. Màmá yè é, wọ́n sì lò tó ọdún mẹ́fà sí i lórí ìwọ̀n tó kéré gan-an. Iye inú ìwé náà kì í ṣe irọ́. Ti ẹni àárín ni, màmá kì í sì í ṣe ẹni àárín.

Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ tí n bá fẹ́ mọ̀ ti wà nínú ìwé. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ wa ni mo tìtorí yín fẹ́ kọ abala yìí. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jacob Wolfowitz, tí wọ́n bí ní Warsaw ní ilẹ̀ Poland lọ́dún 1910, tí òbí rẹ̀ sì kó o lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí nǹkan le níbẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé girama ló ń ṣe ní New York, ó sì ń kàwé mọ́ ọn. Lọ́dún 1942 ló gba oyè ọ̀mọ̀wé, ọdún yẹn náà ló sì kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà nonparametric: ìṣirò tí kì í kọ́kọ́ pinnu pé agogo ni nǹkan tó ń wò. Nígbà tó di 1956, òun àti Jack Kiefer fi hàn pé bí a bá ń wá bí ohun tó fara pamọ́ ṣe pín láàárín àwọn ènìyàn, a kò ní láti gbà á lérò pé báyìí ló rí. A lè jẹ́ kí àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ya ìlà náà. Nan Laird ní 1978 àti Bruce Lindsay ní 1983 tún gbé e síwájú. Lindsay ló fi ẹ̀rí hàn pé ìdáhùn tó dára jù kì í ṣe ìlà kan tó ń lọ geere, àwọn kókó mélòó kan ni, àwọn kókó náà kì í sì í pọ̀ ju iye ènìyàn tí a wò lọ.

Alain Mallet ní Paris ló gbé e wọ inú oògùn. Iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú Biometrika lọ́dún 1986, ó ku ọdún kan kí màmá wa tó wá sílé ìwòsàn. Ní 1988, òun, Mentré, Steimer àti Lokiec lò ó fún cyclosporine, oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín rẹ̀: tó bá kéré, ara á kọ kíndìnrín tuntun, tó bá pọ̀, oògùn náà gan-an á ba kíndìnrín jẹ́. Ní Los Angeles, ní Yunifásítì Southern California, oníṣirò kan tó ń jẹ́ Alan Schumitzky gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà, ètò tirẹ̀, NPEM, sì jáde lọ́dún 1991. Ẹni tó ń tì í lẹ́yìn ni Roger Jelliffe, dókítà ọkàn tó dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1973, digoxin yìí kan náà ló sì ti ń dààmú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1960.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ fara balẹ̀, kò le. Ká ní ogún aláìsàn la gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Kọ̀ǹpútà á gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kókó sórí pápá, bí ẹní gbin àgbàdo ní poro-poro. Kókó kọ̀ọ̀kan dúró fún irú ara kan: táńkì rẹ̀ tóbi tó báyìí, ihò rẹ̀ ń jò tó báyìí. Ìwúwo gbogbo wọn dọ́gba níbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá mú aláìsàn kìíní, á bi kókó kọ̀ọ̀kan pé, bó bá jẹ́ ìwọ ni ara ẹni yìí, ṣé báyìí ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ì bá rí? Kókó tó dáhùn dáadáa, ìwúwo rẹ̀ á lé sí i. Èyí tó ń wò suu, tirẹ̀ á jò. Ó di aláìsàn kejì, ó di ẹ̀kẹta. Tó bá dé ogún, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni kìíní, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Ọ̀pọ̀ kókó á kú. Èyí tó kù ò ní ju ogún lọ. Bí ènìyàn bá pín sí òkè méjì, kókó á ṣù jọ síbi méjì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti sọ tẹ́lẹ̀. Bí ìyá àgbà kan bá wà tí kò jọ ẹnikẹ́ni, kókó kan á dúró fún òun nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Agogo ò lè ṣe ìyẹn, ńṣe ló máa fà á wọ àárín.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Táńkì Teorell ṣì wà níbẹ̀, a ṣì ń kọ ọ́ ní nọ́ńbà. Bí táńkì ṣe yàtọ̀ láàárín àwọn ènìyàn nìkan ni a ò kàn án nípá.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni bí Jelliffe ṣe fi kókó wọ̀nyí wọn oògùn. Kò pín wọn sí ìpíndọ́gba. Ó ń mú ìwọ̀n oògùn tí dókítà ń rò lọ́kàn, á dán an wò lára kókó kọ̀ọ̀kan, á rí i pé lára eléyìí yóò kéré jù, lára tọ̀hún yóò pọ̀ jù, á ka ìwúwo wọn mọ́ ọn, á wá yan ìwọ̀n tí àṣìṣe rẹ̀ kéré jù lórí gbogbo wọn. Bí wọ́n bá ti gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lẹ́ẹ̀kan, ìwúwo àwọn kókó á yí padà, ìwọ̀n tó kàn á sì súnmọ́ tirẹ̀ gan-an. Màmá wa, tó ń fi ojú wọn ẹ̀wà, kì bá lóye kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ yìí ni kì bá yé wọn ju èmi lọ.

Kọ̀ǹpútà ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára nígbà náà. Pápá tó tóbi ń fẹ́ ẹ̀rọ ńlá, wọ́n sì gbé ti wọn lọ sí ibùdó kọ̀ǹpútà ńlá ní San Diego. Níbẹ̀ ni Robert Leary ti ṣe ètò tó ń jẹ́ NPAG, nǹkan bí 2001: kì í gbin gbogbo pápá mọ́, ibi tí irúgbìn bá ti hù ló ń tún gbìn sí. Lọ́dún 2012, Michael Neely àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles gbé Pmetrics jáde, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àpò lásán. Iṣẹ́ tí wọ́n fi kéde rẹ̀ dá lé bó ṣe ń rí àwọn tó dá yàtọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó fara pamọ́ sáàárín èrò.

Àríyànjiyàn wà, ó sì yẹ kó wà. Àwọn onígogo ní bí aláìsàn bá kéré níye, kókó tó yọ lè jẹ́ àfàìmọ̀, pé kókó kì í ṣe ènìyàn. Òótọ́ ni. Wọ́n tún ní NONMEM náà lè ya òkè méjì. Ó lè yà á, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa sọ fún un pé méjì ni. Lójú tèmi, ẹni tó ti mọ̀ pé méjì ni kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ìrànlọ́wọ́. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, a ò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìwé la ní, ọ̀kan lóòjọ́.

Ọ̀rọ̀ Nivaquine ló kù. Lọ́dún 2000, Ademowo, Sodeinde àti Walker ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n fún àwọn tó máa ń yún àti àwọn tí kì í yún ní chloroquine, wọ́n sì wọn oògùn náà àti ohun tí ara ń sọ ọ́ dà. Ara àwọn tó máa ń yún kì í pa á dà tó ti àwọn yòókù. N kò sọ pé ìyẹn nìkan ló ń fà á. Àmọ́ kì í ṣe àṣejù. Lọ́dún 2005 ni Nàìjíríà yí oògùn ibà tí ìjọba ń fọwọ́ sí padà kúrò lórí chloroquine, àwọn ọmọ wa kò sì mọ ìyà òru yẹn mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yún, mo ti ra pépà gíráàfù kalẹ̀ de ìpàdé wa. Bí ẹ bá wọlé, ẹ wá mi wá kí n kọ yín sílẹ̀, ẹ sọ iye hóró tí nọ́ọ̀sì ń fún yín àti iye òru tí ẹ kò fi sùn. Èmi ló máa ra mínírà fún yín, gbèsè ẹ̀sín àtijọ́ ni.